Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: Ilẹ̀ náà àti Àwọn Tí Ó Ń Gbé Ibẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Erékùṣù kékeré kan wà láàárín Òkun Mẹditaréníà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Malta. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 316 lọ, síbẹ̀ ó ti jẹ́ orílẹ̀-èdè olómìnira láti ọdún 1964. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ nìkan, láìka Ọ̀sẹ́ mọ́ ọn, fẹ̀ tó 331. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ibi kékeré ni Ọ̀wọ̀, ẹ gbọ́ o!

Àárín Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbíní ni ilẹ̀ yìí wà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Òjùgbẹ̀lú, ọmọ Odùduwà, ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde láti Ifẹ̀. Ní ọdún 1971, Ekpo Eyo wú àwọn ère amọ̀ sísun jáde ní Igbó'Lájà nínú ìlú Ọ̀wọ̀, èyí tí a fojú bù sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ó bá mọ ère Ifẹ̀ yóò rí ìbátan nínú wọn. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọnà Ìbíní yóò rí tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní tèmi, amọ̀ wọ̀nyí ń ṣe àlàyé ju ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ń jà lé lórí lọ.

Ọ̀sẹ́, tí Ìfọ́n jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, gba orúkọ lọ́wọ́ odò. Ó fẹ̀ tó 1,465, ó ju Ọ̀wọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n oko àti igbó ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 rí ènìyàn 144,901 ní Ọ̀sẹ́, ó sì rí 218,886 ní Ọ̀wọ̀. Ní Malta, 519,562 ni wọ́n kà ní ọdún 2021.

A fẹ́ tún ènìyàn kà ní Nàìjíríà ní ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, nítorí iye ènìyàn wà lára ohun tí a fi ń pín owó ìjọba àpapọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ní Ìdóàní, ní Ọ̀sẹ́, àwọn kan ń sọ Ìyàyù, èdè tí ó bá èdè Ìbíní tan, tí kì í ṣe Yorùbá rárá. Ìkànìyàn 2006 kò béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wà nínú 144,901 náà, a kò sì lè fi ìwé ìkànìyàn yọ wọ́n sọ́tọ̀.