Ta Ló Ni Àwòrán Náà? Ìrìn Kámẹ́rà Wa ní Brixton

  

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mo wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Brixton, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju kí n rìn yí àdúgbò náà ká, kí n ya fọ́tò ojú pópó, kí n sì wá fi hàn yín. Ẹni tó bá mọ Brixton mọ̀ pé ibẹ̀ kì í dákẹ́. Bí ẹ bá ti ń jáde nínú ibùdókọ̀ báyìí, oníwàásù ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹni tó ń ta tùràrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orin régè ń dún láti ìsọ̀ kan, gbogbo ènìyàn ń kánjú.

Mo yà sí Electric Avenue, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ata rodo, ẹja àti ẹran. Mo rí màmá kan tó dúró ti àtẹ iṣu rẹ̀, ó wé gèlè àdìrẹ, oòrùn sì tàn sí i lójú. Mo gbé kámẹ́rà sókè. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, màmá ti fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Ta ló rán ẹ wá?"

Yorùbá ló fi sọ ọ́ o. Ojú tì mí. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ kú ọjà o. Ajé á wá o."

Ó ní, "Àṣẹ. Ṣùgbọ́n mo bi ẹ́ léèrè. Fọ́tò yẹn, níbo ló ń lọ?"

Ẹ̀yin ará, mi ò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ló sì sọ ìrìn mi di nǹkan mìíràn. Dípò kí n máa wá ohun tó dára láti yà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó: láti ìgbà tí wọ́n ti ń ya Brixton, ta ló ń yà á? Níbo sì ni àwọn fọ́tò náà ń lọ? Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú pópó yẹn gan-an. Ní àwọn ọdún 1880 ni wọ́n kọ́ Electric Avenue, orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú pé òun ni òpópónà ọjà àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fi iná mànàmáná tàn. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó tó rí jájẹ ló ń wá rajà níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn olówó kó lọ, àwọn ilé ńláńlá wọn di ilé tí wọ́n ń gé sí yàrá yàrá fún àwọn ayálégbé.

Ní 22 oṣù kẹfà ọdún 1948, ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush tú èrò sílẹ̀ ní èbúté Tilbury. Púpọ̀ nínú wọn wá láti Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù tó yí i ká. Àwọn tó lé ní 200 nínú wọn kò ní ibi tí wọ́n máa sùn, ìjọba sì kó wọn sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan ní Clapham South, tí wọ́n gbẹ́ nígbà ogun kí àwọn ará ìlú lè máa sá pamọ́ fún bọ́ǹbù. Ọ́fíìsì ìwáṣẹ́ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù wà ní Coldharbour Lane, ní Brixton. Bí wọ́n ṣe rìn débẹ̀ wáṣẹ́ nìyẹn, tí wọ́n sì rí yàrá gbà nítòsí. Kò sẹ́ni tó jókòó yan Brixton fún wọn. Ọ̀nà ìwáṣẹ́ ló gbé wọn débẹ̀.

Ẹni tó bá dé ìlú òkèèrè, kí ló máa kọ́kọ́ ṣe tó bá ti rí owó díẹ̀? Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. A máa ya fọ́tò, a máa fi ránṣẹ́ sílé. Ní Landor Road, tí kò jìnnà sí Brixton, òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Harry Jacobs, tó ní ìsọ̀ fọ́tò. Fún bí ogójì ọdún, títí di ìparí àwọn ọdún 1990, òun ló ń ya àwọn ará Caribbean àti àwa ará Áfíríkà tó ń gbé àdúgbò náà. Nọ́ọ̀sì á wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá. Ìyàwó àti ọkọ á gbé ọmọ tuntun wá. Wọ́n á dúró síwájú aṣọ tí wọ́n ya igi àti omi sí, wọ́n á tún ara ṣe, fọ́tò á sì gba ọ̀nà òkun lọ bá ìyá nílé.

Ẹ wo irú fọ́tò yẹn dáadáa. Kò sí yàrá kótópó tí ìdílé mẹ́rin ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Kò sí òtútù, kò sí onílé tó ní òun ò gba aláwọ̀ dúdú. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa? Èmi ò pè é ní irọ́. Ẹni tó wà nínú fọ́tò ló sanwó rẹ̀, òun ló yan aṣọ, òun ló mọ ẹni tó máa wò ó. Bí a bá bi í pé níbo ló ń lọ, yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà wa tilẹ̀ máa ń tú ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" sí "à-wò-rántí": ohun tí a ń wò láti fi rántí ẹni. Ìyá tó wà nílé ń wò ó, ó ń rántí ọmọ.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà mìíràn tún wà tó wọ Brixton, mo sì fẹ́ ká rìn dé ibi tó ti ṣiṣẹ́.

Láti Electric Avenue, ẹ ó bọ́ sí Atlantic Road, lábẹ́ afárá rélùwéè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, aṣojú ìjọba Nàìjíríà kan, Clement Gomwalk, gúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú ọkọ̀ Mercedes, nítòsí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn ọlọ́pàá rí ọkùnrin dúdú nínú Mercedes, wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé ó jí i gbé ni. Wọ́n fà á jáde. Èrò pé jọ, ọ̀rọ̀ di ìjà. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan tó ń jẹ́ Olive Morris wà níbẹ̀; wọ́n mú òun náà, wọ́n sì lù ú. Ọmọ Jàmáíkà ni, kò sì bá Gomwalk tan. Láti ìgbà náà ló ti fi ayé rẹ̀ jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń gbé àdúgbò náà, títí ó fi kú ní 1979 ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí a ń kọjá ní Atlantic Road lójoojúmọ́, mélòó nínú wa ló mọ̀ pé nítorí ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ lu ọmọ náà?

Láti ibẹ̀ ni Railton Road ti bẹ̀rẹ̀. Òfin kan wà nígbà yẹn, láti ọdún 1824, tó fún ọlọ́pàá láṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura sí pé ó fẹ́ dáràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1981, wọ́n kó ọlọ́pàá wọ Brixton, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti dá àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 dúró láti yẹ ara wọn wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, iná ti pa ọ̀dọ́ mẹ́tàlá níbi ayẹyẹ ọjọ́ìbí ní New Cross, inú àwọn ènìyàn ò sì tíì rọ̀. Láti 10 títí di 12 oṣù kẹrin, Brixton gbiná. Àwọn tó lé ní 300 ló fara pa. Àwọn ìwé ìròyìn pè é ní rògbòdìyàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé níbẹ̀ pè é ní ìdìde.

Ní ọjọ́ yẹn, kámẹ́rà pọ̀ ní Railton Road ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ̀ tó ń jó, ọ̀dọ́ tó ju òkúta, ọlọ́pàá tó gbé asà: àwọn ni fọ́tò tó lọ káàkiri ayé. Mi ò ní kí wọ́n má yà á, ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyẹn nìkan ni Brixton tí wọ́n mọ̀. Ẹni tó ń ta iṣu níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kò sẹ́ni tó wá yà á. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí ilé ń jó nìkan ni àlejò máa ń wá ya fọ́tò ilé yín, ṣé ẹ ò ní fi ọwọ́ bo ojú nígbà tí ẹ bá rí kámẹ́rà?

Kámẹ́rà kẹta ni ti àwọn tó ń gbé inú àdúgbò fúnra wọn. Neil Kenlock dé láti Jàmáíkà ní 1963, ó sì di ayàwòrán fún ẹgbẹ́ Black Panthers ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fọ́tò rẹ̀ kan tí gbogbo ayé mọ̀, ti ọdún 1972, jẹ́ ti obìnrin kan ní Balham tó dúró síwájú ilé tí wọ́n ti kọ ọ́ sí lára pé kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti aláwọ̀ funfun nìkan. Kenlock ò ya ọ̀rọ̀ burúkú yẹn lásán. Obìnrin náà dúró síbẹ̀, ó wọṣọ dáadáa, ó kọjú sí wa.

Ọmọ tiwa náà sì wà níbẹ̀. Ọdún 1955 ni wọ́n bí Rotimi Fani-Kayode ní Èkó, sínú ẹbí olóṣèlú tó ti Ifẹ̀ wá. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966, ẹbí náà sá wá sí Ìlú Ọba. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1983, ó sì fi Brixton ṣe ibùgbé. Kì í ṣe ojú pópó ló ń yà. Inú ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń ya ara àwọn ọkùnrin dúdú, ó sì ń lo ohun tó mọ̀ nípa àṣà Yorùbá. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ni, kò sì fi pamọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ò fẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìtàn kì í ṣe ìtàn mọ́. Ní 1988, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú tó ń jẹ́ Autograph sílẹ̀ ní Brixton, òun sì ni alága àkọ́kọ́. Ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 1989, ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà títí dòní, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Mo parí ìrìn náà ní Windrush Square, níwájú Black Cultural Archives. Ọdún 1981 kan náà ni àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ilé ìpamọ́ ìtàn yẹn, ṣùgbọ́n 2014 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn sí ibi tó wà báyìí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Kò rọrùn láti pa ìtàn ara ẹni mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ti rí fún ọjà tó wà nítòsí ibẹ̀: ní 2010, ìjọba fi àwọn ọjà alábòrí ti Brixton sára àwọn ilé tí òfin dáàbò bò, nítorí ohun tí àwọn ará Caribbean sọ ibẹ̀ dà. Òfin lè dáàbò bo ògiri o, ṣùgbọ́n kò lè bá wa dáàbò bo ẹni tó ń ná ọjà nínú rẹ̀. Owó ìsọ̀ ń gòkè. Àwọn tó ń ta iṣu ń dín kù, àwọn tó ń ta kọfí ń pọ̀ sí i. Bí a bá fẹ́ yà wọ́n, àkókò ò sí mọ́.

Nítorí náà, mo padà sọ́dọ̀ màmá. Mo sọ fún un pé orí ẹ̀rọ ayélujára ni fọ́tò ń lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé. Ó wò mí títí. Ó ní, "Jẹ́ kí n tún gèlè mi wé." Ó tún un wé, ó gbé iṣu kan lé ọwọ́, ó dúró bí olorì. Mo ya ẹyọ kan péré.

Lọ́jọ́ Tuesday, mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, mo gbé e lọ fún un. Ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní, "Oò kọ orúkọ mi síbẹ̀." Ó fún mi ní bírò. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní rí fọ́tò náà nínú fídíò yìí: tirẹ̀ ni, Ìbàdàn ló sì ń lọ, sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí lónìí. Gbogbo wa la ní àpótí tàbí báàgì tí fọ́tò àwọn òbí wa wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Bí màmá tàbí bàbá bá ṣì wà, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ bi wọ́n léèrè: ta nìyí, níbo nìyí, ọdún wo ni, ta ni ẹ fi ránṣẹ́ sí? Ẹ mú bírò, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó mọ orúkọ wọn lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.