Alágẹmọ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: Ìtàn Ìmọ̀, Ìbẹ̀rù àti Ìtọ́jú

Ìfáárà

Òwe kan wà tí kò ṣàjèjì sí etí ẹni tí ó dàgbà sí Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́: alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Òbí ni a máa ń fi òwe yìí gbè lẹ́yìn nígbà tí ọmọ bá yà kúrò lójú ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún un. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ìdí tí ó fi jẹ́ alágẹmọ ni àwọn àgbà mú, tí wọn kò mú adìẹ tàbí ewúrẹ́. Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ẹranko náà láti inú ìtàn ìṣẹ̀dá títí dé orí àtẹ ọjà àti inú kíláàsì, láti fi hàn pé ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀ nípa rẹ̀ wà nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n pé ìbẹ̀rù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìmọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Orúkọ àti Ipò Rẹ̀ Nínú Ìtàn Àtẹnudẹ́nu

Agẹmọ, alágẹmọ àti ọ̀gà ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí sílébù kejì ni ó ya ọ̀gà yìí sọ́tọ̀ sí ọ̀gá tí í ṣe olórí níbi iṣẹ́. Bákan náà, a kò gbọdọ̀ da ẹranko yìí pọ̀ mọ́ Agẹmọ tí àwọn Ìjẹ̀bú ń bọ lọ́dọọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá tí E. Bọ́lájí Ìdòwú kọ sínú ìwé rẹ̀, Olódùmarè: God in Yoruba Belief, tí ó jáde ní ọdún 1962, alágẹmọ ni Olódùmarè rán wá wo ilẹ̀ tí Òrìṣà-ńlá dá. Nígbà àkọ́kọ́, ó jíṣẹ́ pé ilẹ̀ náà fẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ tó. Ìgbà kejì ni ó tó jẹ́rìí pé ó ti fẹ̀, ó sì ti gbẹ. Ẹni tí ó bá rí i bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè, tí ó ń mi síwá sẹ́yìn kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀, yóò gbà pé ìtàn náà bá ìrìn rẹ̀ mu: àfi bí ẹni pé ó ṣì ń dán ilẹ̀ wò. Ìtàn mìíràn sọ pé nígbà tí Olókun pe Olódùmarè níjà aṣọ, alágẹmọ tí a rán sí i ni ó ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà bá gbogbo aṣọ tí Olókun wọ̀ jáde.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ẹranko yìí yà lẹ́nu. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, ti ṣàpèjúwe ojú àti ìrìn rẹ̀ ní ohun tí ó ju 300 ọdún lọ ṣáájú ìbí Jésù.

Ogun, Ìgbẹ́ àti Ìlú

Ìtàn ẹranko kì í dá rìn. Ìtàn ènìyàn ni ó ń bá rìn. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọ̀jà. Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ogunléndé mọ́ra. Bí ìlú méjèèjì ti ń gbòòrò ni ìgbẹ́ àyíká wọn ń di oko, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ènìyàn sá kúrò padà di ìgbẹ́. Ìjọba amúnisìn sọ apá òkè odò Ògùn di igbó ọba ní ọdún 1936, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1941. Ní ọdún 1952, méjèèjì di ibi ààbò ẹranko. Ní ọdún 1991, wọ́n di ọgbà ẹranko ti ìjọba àpapọ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóòró, tí olú-ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Báyìí ni ahoro ogun ṣe di ibi ìsádi fún àwọn ẹ̀dá inú ìgbẹ́.

Ohun Tí Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì Fi Hàn

Ẹ̀yà méjì tí a mọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni Chamaeleo gracilis àti Chamaeleo senegalensis. Ọmọ-ìka wọn pín sí ọ̀nà méjì bí ẹ̀mú, èyí ni wọ́n fi ń di ẹ̀ka igi mú. Ojú kan lè máa wo iwájú kí èkejì máa wo ẹ̀yìn. Ahọ́n wọn, tí ó gùn ju ara wọn lọ bí ó bá nà tán, máa ń ta jáde bí ọfà láti mú tata àti ẹṣinṣin.

Ní ti àwọ̀, ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Geneva gbé jáde ní ọdún 2015 lórí ẹ̀yà kan láti Madagascar fi hàn pé àwọn èérún kéékèèké tí ó ń dán nínú awọ ara ni ó máa ń súnmọ́ra tàbí jìnnà síra, tí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń dá padà sì ń yàtọ̀. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2008 lórí àwọn ẹ̀yà gúúsù Áfíríkà fi hàn pé bíbá ara wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn ìjà àti ìfẹ́, ni ó mú kí agbára ìpàwọ̀dà náà gbèrú, kì í ṣe ìfarapamọ́ nìkan. Ìtàn Olókun kò jìnnà sí èyí: nínú rẹ̀, àwọ̀ jẹ́ èsì tí a fún alátakò.

Ní ti ọmọ bíbí, abo àwọn ẹ̀yà méjì yìí máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, a gbẹ́ ihò sílẹ̀, a yé ẹyin tí ó lè ju 20 lọ, a bò ó, a sì bá tirẹ̀ lọ. Kò ní í padà wá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn ọmọ yóò pa, wọn yóò máa mi síwá sẹ́yìn bí ìyá wọn, wọn yóò sì máa ta ahọ́n mú kòkòrò láìsí olùkọ́. Adìẹ ń kó ọmọ lẹ́yìn, ewúrẹ́ ń fún ọmọ lọ́mú. Alágẹmọ ní tirẹ̀ ti ṣe ìwọ̀n tirẹ̀ tán. Òwe náà bá ìṣe ẹranko yìí mu rẹ́gí.

Ìbẹ̀rù, Ọjà àti Òfin

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ ọmọdé ni a ń kọ́ láti sá fún alágẹmọ tàbí láti sọ ọ́ lókùúta. Kò ní oró; ìgbéjà rẹ̀ kò ju kí ó wú, kí ó ṣú dúdú, kí ó sì la ẹnu lọ. Ìgbàgbọ́ pé agbára wà lára rẹ̀ náà ni ó gbé òkú rẹ̀ gbígbẹ dé ìsọ̀ àwọn lẹ́kulẹ́jà. Iná ìgbẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ kò tún fi ẹranko tí kò lè sáré sílẹ̀, oògùn apakòkòrò sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọdún 1977 ni alágẹmọ ti wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé tí a mọ̀ sí CITES, tí Nàìjíríà ti wọ̀ ṣáájú. Ẹni tí yóò bá kó o kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n àdéhùn yìí kò dé orí àtẹ ọjà inú ìlú, kò sì dé ọwọ́ ọmọ tí ó mú òkúta. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtọ́jú àti Iṣẹ́ Olùkọ́

Bí a bá mú alágẹmọ wá sí kíláàsì fún ẹ̀kọ́, kí ó wà lórí ẹ̀ka igi tútù, kì í ṣe nínú páálí. Kì í mọ omi inú abọ́ ní omi. Ìrì àti ẹ̀kán omi orí ewé ni ó ń mu, nítorí náà kí a wọ́n omi sí ewé. Kòkòrò ààyè ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì nílò oòrùn àti ibòòji. A kì í kó méjì pọ̀ sí ojú kan, nítorí ẹ̀dá tí ń dá gbé ni. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú wò ó dípò ọwọ́, kí a sì dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an sí ibi tí a ti mú un.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀rí òwe àti ìtàn tí a gbé yẹ̀ wò fi hàn pé àwọn baba ńlá wa wo alágẹmọ fínnífínní kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ òwe láìkọ́ ẹranko ti fi ìdajì ìmọ̀ náà sílẹ̀. Bí alágẹmọ bá sì tán nínú ìgbẹ́ Ọ̀yọ́ àti oko kajú Ògbómọ̀ṣọ́, òwe náà yóò di ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń kà láìmọ ẹni tí ó ń bá wí.