Ọdún Wo Ni Ìkójáde Ọ̀mùtí ní Ìbàdàn?

Ètò ìkójáde ìwé kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa: alága yóò jókòó, ẹni tí ó yẹ ìwé wò yóò sọ tirẹ̀, ọlọ́lá kan yóò sì ná owó lé ẹ̀dà àkọ́kọ́ kí ilé ìtàwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Orúkọ ètò náà fara jọ ìkómọjáde. Ó bá a mu, nítorí ọjọ́ tí a bí ọmọ kọ́ ni a ń kó o jáde. Àwọn òpìtàn lítíréṣọ̀ wa kì í sábà ya ọjọ́ méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Ọdún tí a tẹ ìwé ni wọ́n ń kà sí ọdún tí ó dé àárín àwọn ènìyàn. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àṣà náà ń ṣì wá lọ́nà ní ti ìtàn-àròsọ tí a fi àlọ́ hun, pàápàá bí a bá dúró ní Oríta-mẹ́rin, ní Ìbàdàn àtijọ́, tí a ń wo ọ̀rọ̀ náà láti ibẹ̀. Ìwé Amos Tutùọlá, The Palm-Wine Drinkard, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Kí á tó dé orí Tutùọlá, ó yẹ kí á rántí pé ìwé títẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìbàdàn tipẹ́. Ní 1911 ni I. B. Akínyẹlé, ẹni tí ó di Olúbàdàn ní 1955, gbé ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde. D. A. Ọbasá ni ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tiwa. Òun ni olóòtú The Yoruba News láti 1924, Ilare Press tirẹ̀ ni ó sì fi tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì ní 1927. Ìkejì tẹ̀ lé e ní 1934, ìkẹta ní 1945. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà àti ti akéwì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń na Ọjàaba tí kò mọ a, b, d pàápàá ti gbọ́ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kí ó tó di ìwé. Etí ti gbà á ṣáájú ojú.

Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ, tí C.M.S. tẹ̀ ní Èkó ní 1938, gba ọ̀nà mìíràn: ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbà wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì ń kà á sókè.

Ti Tutùọlá kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́ńdọ̀nù ni Faber and Faber ti tẹ ìwé rẹ̀ ní 1952. Akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer lọ́dún náà gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délé, ìyìn kọ́ ni ó bá pàdé. Nínú ìwé ìròyìn West Africa ní 1954, ọmọ ilẹ̀ wa kan kọ lẹ́tà pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára, àti pé ọ̀dọ̀ Fágúnwà ni ó ti yá ọ̀pọ̀ ìtàn náà. Ẹ̀sùn kejì yìí yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Ọ̀mùtí tí adẹ́mu rẹ̀ ń dá agbè 150 láàárọ̀ àti 75 nírọ̀lẹ́, tí ó tọ adẹ́mu náà lọ sí ìlú àwọn òkú. Arẹwà ọkùnrin tí ó yá ẹ̀yà ara lò, tí ó ń dá wọn padà fún olówó wọn títí ó fi ku agbárí nìkan: ta ni ó ni irú àlọ́ bẹ́ẹ̀? Gbogbo wa ni. Ohun tí a lè bi Tutùọlá ni ìdí tí àlọ́ ilé fi ń sọ èdè tí onílé kò gbọ́.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá ni ó dáhùn ìbéèrè náà. Yunifásítì Ìbàdàn gbà á sí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Eré Orí Ìtàgé fún oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Rockefeller Foundation, ní 1963 sì ni eré náà di wíwò ní gbọ̀ngàn eré yunifásítì, pẹ̀lú ìran àti aṣọ tí Demas Nwoko ṣe. Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́, tìlùtorin. Ọ̀mùtí gba orúkọ, ó di Lánkẹ́. Ògúnmọ́lá sì yí ìparí padà: àlá ni gbogbo ìrìn náà, Lánkẹ́ kàn ta jí ni. Ní tiwa, àlá yìí kò dùn mọ́ wa, nítorí apàlọ́ kì í bẹ àwọn olùgbọ́ pé kí wọ́n má gba òun gbọ́. Ṣùgbọ́n èdè padà sílé.

Ẹnì kan lè sọ pé gbọ̀ngàn yunifásítì kì í ṣe Bẹẹrẹ, pé olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ibẹ̀ wà fún. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kì í ṣe alẹ́ àkọ́kọ́ ni a ń tọ́ka sí bí kò ṣe ìgbà tí Ògúnmọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré náà káàkiri ìlú. Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ ti yí po: ní 1968, R. G. Armstrong, R. L. Awújọọlá àti Val Ọláyẹmí tẹ ọ̀rọ̀ eré náà jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ní Ibùdó Ẹ̀kọ́ nípa Ilẹ̀ Áfíríkà, Yunifásítì Ìbàdàn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí etí ti gbọ́ ọ ni Yorùbá rẹ̀ tó di ìwé, gẹ́gẹ́ bí ti Ọbasá.

Bí a bá di 1952 mú, Ìbàdàn yóò dà bí ibi tí ìwé Lọ́ńdọ̀nù kàn bá tà. Bí a bá mú 1963, ìlú náà ni ó kó ọmọ jáde. Ìwé títẹ̀ nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí. Tutùọlá kú ní Ìbàdàn ní 1997, Ògúnmọ́lá ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1973. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí Lánkẹ́ kọ́kọ́ jáde ti lé ní ọgọ́rin báyìí. Nínú agbo ilé Bẹyẹrúnkà, Mápó àti Ọjàaba ni ó yẹ kí á ti máa bèèrè ohun tí wọ́n gbọ́, àti orin tí wọ́n mú délé.