Ọ̀rúnlá: ilá tí àwọn ìyá wa fi ń la ẹ̀ẹ̀rùn já



Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, ilá ẹ̀yìnkùlé kì í ṣeé jẹ tán. Ẹ fi í sílẹ̀ lónìí, bó bá di ọ̀túnla ó ti gbó. Àwọn ìyá wa kò jẹ́ kó ṣòfò. Wọ́n á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a sórí àpáta tàbí ẹní, wọ́n á kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Bó bá gbẹ tó ń dún lọ́wọ́, ó di ọ̀rúnlá nìyẹn. Inú ìkòkò tàbí akèrègbè ló ń gbé, níbi tí èéfín ààrò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí oko gbẹ, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á fi kánún díẹ̀ sè é. (Ẹni tó bá da kánún jù sí i, ó mọ ohun tójú rẹ̀ rí.)

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ lásán. Odi àti yàrà ló yí Kétu ká, Àkàbà Ìdènà sì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yìn odi ni oko wà. Nígbà tí ọmọ ogun Glele, ọba Dàhọ̀mì, dó ti ìlú náà ní 1886, ta ni ó jẹ́ jáde lọ ká ilá? Ohun tó ti wà nínú ilé ni wọ́n ń jẹ. Ebi wà lára ohun tó ṣẹ́gun Kétu, kì í ṣe ìbọn nìkan. Wọ́n jó ìlú, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú. Ó di 1894 kí wọ́n tó tún un tẹ̀dó. A máa ń rò ó: ìyálé tó ní ìkòkò ọ̀rúnlá kan lórí àjà láàárín oṣù wọ̀nyẹn, ọjọ́ mélòó ló fi kún ẹ̀mí àwọn ọmọ rẹ̀?

Àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú ṣáájú ìgbà náà kò gbàgbé ilá lókè òkun. Ní Brazil, ilá ni wọ́n fi ń se àmàlà Ṣàngó títí dòní. Ní Kúbà, quimbombó ni wọ́n ń pè é, ti Ṣàngó náà ni. Ata tí a sì ń sá sí ẹ̀gbẹ́ ilá, ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ló ti wá bá wa.

Ilá kan tún wà nílẹ̀ wa tó máa ń pẹ́ so, tó ṣì ń so nígbà tí òjò ti ń lọ. Ó yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ayé mọ̀, àmọ́ 1988 ni àwọn onímọ̀ ewéko ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á sí irú tó dá dúró, Abelmoschus caillei. Àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì ń gbìn ín, ẹ bá wa bi í léèrè orúkọ tó ń pè é, kí ẹ sì tọrọ irúgbìn díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.