Kí Ló Dé Tí Orin Àtijọ́ Kì í Dún Mọ́? Ìtàn VST

Ìtàn plugin la fẹ́ sọ lónìí: àwọn ètò kéékèèké tí à ń kó sínú ètò ìgbohùnsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí ohùn lè dùn sí i, tàbí kí kọ̀ǹpútà lè dún bíi dùùrù.

Lọ́dún 1996, ilé-iṣẹ́ Steinberg ní ìlú Hamburg, ní Jámánì, gbé VST jáde pẹ̀lú Cubase. Ẹ̀rọ gidi tí èèyàn ń fowó gọbọi rà tẹ́lẹ̀ wá di fáìlì lásán. Wọ́n tún jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe tiwọn. Nígbà tí VST2 dé ní 1999, ohun èlò orin fúnra rẹ̀ náà di plugin.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lórí Windows, VST2 kò ní ibùgbé kan pàtó. Oníkálukú ń gbé e síbi tó wù ú, ètò orin á sì wá a tì. Ní 2008, VST3 dé, wọ́n sì yan fódà pàtó fún un.

Ní 2018, Steinberg kò fún ẹni tuntun níwèé àṣẹ láti ṣe VST2 mọ́. Ní 2019, macOS Catalina kọ gbogbo ètò 32-bit sílẹ̀. Bí plugin tó ti pẹ́ ṣe di òkú fáìlì nìyẹn.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà, tí a fi ìlù àti dùùrù gbè é lẹ́sẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Fáìlì iṣẹ́ yẹn kò gbé ìró dùùrù náà dání o. Orúkọ plugin àti bí ẹ ṣe tò ó ló wà níbẹ̀. Bí plugin bá ti lọ, ohùn Màmá á kù, ṣùgbọ́n dùùrù á yadi.

Nọ́ọ̀sì ni mí, a kì í fún aláìsàn lóògùn kí á má kọ orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú plugin: ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, ẹ tọ́jú fáìlì tí ẹ fi gbé e wọlé. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ sọ ohùn kọ̀ọ̀kan di WAV lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. WAV kò nílò plugin kankan kó tó dún.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣètò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì yín.