Ta Ni Yóò San Owó Ẹni Tó Ń Gbé Fóònù Lóru?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìtumọ̀ òwe yìí kò fara sin: ibi tí àgbà bá wà, kò yẹ kí nǹkan bàjẹ́ lójú rẹ̀. Àgbà tó dákẹ́ ni a sábà máa ń fi òwe náà bá wí. Ṣùgbọ́n kí àgbà tó lè tún orí ọmọ ṣe, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ná ọjà náà. Wíwà níbẹ̀ yìí, àti ohun tó ń náni, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Lọ́dún 2013, fídíò kan tàn káàkiri láti ọjà Èjìgbò, lábẹ́ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Èkó. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn obìnrin kan pé wọ́n jí ata. Wọ́n bọ́ wọn síhòòhò, wọ́n sì fìyà tí kò ṣeé fẹnu sọ jẹ wọ́n, lójú èrò. Fídíò yẹn ni ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Joe Okei-Odumakin àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Women Arise, rí tí wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà sókè. Ìyẹn ni pé ìrànwọ́ dé nígbà tí ìyà ti tán. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní Èjìgbò tí èrò kì í dá níbẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa abúlé tó wà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, tàbí èyí tó wà létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, tí àgọ́ ọlọ́pàá jìnnà sí, tí ọkọ̀ kì í sì í rìn níbẹ̀ lóru?

Nọ́ńbà pàjáwìrì la fi ń dí àlàfo yẹn. Ní Èkó, ikọ̀ DSVRT tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 láti gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀ ti di àjọ DSVA, nípa òfin tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí ní 2021. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kì í náni ní nǹkan. Ó ń náni. Ìpè tí a ń pè ní ọ̀fẹ́, ẹlòmíràn ló ń sanwó rẹ̀. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ọjọ́ kan. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́ta ni yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, láì tíì ka ìsinmi àti àìsàn mọ́ ọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ń sọ fún obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nítorí pé ọkọ rẹ̀ wà ní yàrá kejì. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ gbọ́ Ègùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ará Àgbádárìgì lè pè lásán. Bí ìpè bá sì parí, ẹnì kan ní láti gbéra lọ bá ẹni tó pè, ìbáà ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó yìí, owó oṣù ni.

Ibí yìí ló ti yẹ ká ya oríṣi owó méjì sọ́tọ̀. Owó kan wà tó ń dá nǹkan sílẹ̀, òmíràn wà tó ń gbé e ró. Owó ìrànwọ́ tí àwọn àjọ ń fúnni jẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ọjọ́ ìparí, ó sì fẹ́ràn ohun tó ṣeé yà ní fọ́tò: ilé, kọ̀ǹpútà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Owó oṣù kò ṣeé yà ní fọ́tò. Mirabel Centre, ibùdó ìtọ́jú àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fún àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ṣílẹ̀kùn ní oṣù keje ọdún 2013 ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà. Partnership for Justice, ẹgbẹ́ tí Itoro Eze-Anaba ń darí, ló dá a sílẹ̀. Ètò Justice for All tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń náwó sí ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Ètò náà parí, ìfipábánilòpọ̀ kò parí, àwọn tó ni ibùdó sì ní láti máa wá owó kiri. Spotlight Initiative ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2019, Èkó wà nínú rẹ̀; nígbà tí 2023 ń parí, ó kásẹ̀ ńlẹ̀. N kò bá àwọn olùrànwọ́ yìí jà. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ṣèlérí.

Àwọn kan ń sọ pé torí pé owó òyìnbó ni kì í fi í pẹ́, pé bó bá jẹ́ tiwa ni, kò ní tán. Amẹ́ríkà ni ẹ̀rí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin VOCA ti 1984 dá àpò kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí ọ̀daràn ṣe ní ibi. Kì í ṣe owó orí ló ń wọ inú rẹ̀. Owó ìtanràn tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ń gbà lọ́wọ́ ọ̀daràn ni. Èrò tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yanjú ẹjọ́ láì jẹ́ kó dé ìdájọ́, owó ibẹ̀ gba ibòmíràn lọ. Ohun tí wọ́n yọ̀ǹda láti inú àpò náà ní 2018 ju bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ. Ní 2024, kò tó bílíọ̀nù kan ààbọ̀. Òfin mìíràn ní 2021 darí owó náà padà, síbẹ̀ àpò kò tètè kún. Owó tiwọn ni, ó sì gbẹ. Ohun tó yẹ ká máa bèèrè ni bóyá owó náà yóò tún dé lóṣù tó ń bọ̀, kì í ṣe ibi tó ti wá.

Ká padà sórí òwe wa. Àgbà tí wọ́n gbé wá sọ́jà fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n sì gbé padà, àlejò rere ni, kì í ṣe àgbà ọjà. Ìjọba tó wà nítòsí ni àgbà ọjà. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Èjìgbò ní àgbègbè ìdàgbàsókè tirẹ̀ láti 2003, ṣùgbọ́n ìwé òfin Nàìjíríà kò kà á mọ́ 774 yẹn. Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ló kà. Nítorí náà, ẹ̀yin alága Èjìgbò àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ẹ fẹnu kò. Nígbà tí ẹ bá ń kọ àbá ìṣúná, ẹ kọ owó oṣù ẹni tó ń gbé fóònù lóru sínú rẹ̀, lọ́dọọdún. Kí Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì ṣáájú yín pàápàá, nítorí ọ̀nà tiwọn ló jìn jù.

Ẹni tó bá nílò DSVA lónìí, 08000 333 333 ni nọ́ńbà wọn. Ẹni tó pè kò ní san kọ́bọ̀.