Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Àtúnyẹ̀wò Ètò Ẹ̀kọ́ tó Darí Gbogbo Ọmọ sí Yunifásítì

Ìfáàrà

Nígbà tí àjọ JAMB kọ́kọ́ gbé èsì ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ọdún 2024 jáde, èsì 1,842,464 ni wọ́n kà. Nínú rẹ̀, 1,402,490 ni kò tó máàkì 200 nínú 400. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ni pé àwọn ọmọ ìwòyí kì í kàwé mọ́, pé fóònù ló gba gbogbo àkókò wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ẹ̀sùn yìí: kí ló dé tí ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà, èyí tó fẹ́ máa ránṣọ, èyí tó fẹ́ máa tún mọ́tò ṣe, àti èyí tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe fi tò sẹ́nu ọ̀nà kan náà, tí wọ́n ń ṣe ìdánwò kan náà?

Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kì í ṣe àwọn òbí ló dá ìlépa yunifásítì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwàásù pé iṣẹ́ ọwọ́ dára kò lè wo àrùn náà sàn. Ìjọba àti àwọn agbanisíṣẹ́ ló so owó oṣù, ipò àti iyì mọ́ ìwé-ẹ̀rí kan. Bí a kò bá tú ìdè yẹn, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yòówù tí a bá gbé kalẹ̀ yóò di ibi tí à ń kó àwọn ọmọ tí a kà sí olódo sí. Ìtàn ilẹ̀ wa jẹ́rìí sí i.

Ohun tí ìtàn fi hàn

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè S. O. Awókọ̀yà ló jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí ohun tó lé ní 811,000. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ inú àpilẹ̀kọ yìí tó bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Àwọn tó ṣètò náà mọ̀ pé àwọn ilé-ìwé gírámà tó wà nígbà náà kò lè gba gbogbo àwọn ọmọ yìí. Wọ́n dá Modern School ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀, níbi tí ọmọ tí kò lọ sí gírámà yóò ti kọ́ ìwé, iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìtọ́jú ilé. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kò tó, olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà kò tó, nítorí náà ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ wá jọ ti gírámà láìní iyì ti gírámà. Kò pẹ́ tí òbí fi mọ̀ pé ọmọ tí kò yege, tàbí ọmọ tí owó kò sí fún, ló ń lọ síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1980, Modern School ti kógbá wọlé.

Ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní gírámà kékeré, mẹ́ta ní gírámà àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì), tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, tún gbìyànjú rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè, àtẹ̀jáde ọdún 1998, sọ ọ́ kedere: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bá parí JSS 3, ìyẹn ìparí gírámà kékeré, ọgọ́ta ni kó lọ sí ilé-ìwé gírámà àgbà, ogún sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, mẹ́wàá sí ibùdó ìkọ́ṣẹ́, mẹ́wàá tó kù sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Lórí ìwé nìkan ni ìpín yìí ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ìjọba rà wá láti òkè òkun fún iṣẹ́ Intro Tech, ìyẹn ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, dé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí kò ní iná, tí kò ní ilé tí wọn ó gbé e sí, tí kò sì ní ẹni tó lè tàn án. Ìpẹtà ló jẹ wọ́n nínú àpótí. Ní ọdún 2011, ìjọba tún fi iṣẹ́ 34 kún ẹ̀kọ́ gírámà àgbà, pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ọ̀kan. Ilé-ìwé tí kò ní ṣọ́ọ̀bù yan èyí tí wọ́n lè fi ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀dù kọ́, ọmọ náà sì ka iṣẹ́ bí ẹni ka ìtàn.

Òbí kò ṣìnà

Wọ́n máa ń sọ pé ìgbéraga àti afẹ́ ló ń mú òbí fi dandan lé yunifásítì. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń ta gààrí tó fi ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì ti ka bí ayé ṣe rí, ó sì kà á dáadáa. Ó mọ̀ pé nínú iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó gba HND, ìwé-ẹ̀rí gíga ti pólì, kì í kọjá ipele 14, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gba dìgírì lè gòkè dé ipò ọ̀gá àgbà. Ní ọdún 2021, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tí yóò fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ yìí. Pé ọ̀rọ̀ náà ṣì nílò òfin lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń jà sí i fi bí gbòǹgbò rẹ̀ ṣe jìn tó hàn. Bí ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní pólì fún ọdún mẹ́rin bá ń jìyà báyìí, kí ni a fẹ́ kí òbí rò nípa ẹni tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, tí kò ní ìwé-ẹ̀rí kankan lẹ́yìn tó gba òmìnira?

Ìmọ̀ tó wà nínú ìkòkò aró

Yàtọ̀ sí owó oṣù àti ipò tí a so mọ́ ìwé-ẹ̀rí, ìdí kejì tí ètò wa fi ń kùnà ni pé ó gbà pé ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí ìwé wà, ọwọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́. Ẹ wo aláró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta. Wọ́n ti gún ewé ẹ̀lú, wọ́n ti ṣù ú, wọ́n ti sá a gbẹ. Aláró yóò sẹ́ omi eérú sórí rẹ̀ nínú ìkòkò, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bí mélòó kan títí yóò fi kan. Imú rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀ ló fi ń mọ̀ bí aró náà bá ti dé ojú rẹ̀. Nígbà tó bá yọ aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ní. Bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i, ojú wa níbẹ̀ ló ṣe ń yí padà di dúdú aró. Ohun tí olùkọ́ kẹ́mísìrì ń pè ní oxidation nìyẹn. Ọmọ SS 2 ní ìlú kan náà ń da ìlànà rẹ̀ kọ látorí bọ́ọ̀dù, kò sì sí ẹni tó mú un lọ sí ìdí ìkòkò. Aláró kò rí ẹni ṣàlàyé fún un ìdí tí aró fi máa ń bàjẹ́ nígbà mìíràn. Ọmọ náà kò rí ohun tí ìwé rẹ̀ ń sọ. Àwọn méjèèjì ló pàdánù.

Kì í ṣe pé irú ìmọ̀ báyìí kò lè dé ibi gíga. Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ agbẹ́gilére láti Ìlá Ọ̀ràngún, kọ́ṣẹ́ lábẹ́ George Bándélé, ọmọ Aréògún, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ di ẹni tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Nike Davies-Okundaye, tó kọ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ ìyá ńlá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ló dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983, tí àwọn ará òkè òkun sì ń wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Àmọ́ akíkanjú ènìyàn ni wọ́n. Ètò tó jẹ́ pé akíkanjú nìkan ló lè rí ọ̀nà gbà nínú rẹ̀ kò tíì di ètò.

Ewu tó wà nínú pípín ọmọ

Àtakò kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: bí a bá la ọ̀nà púpọ̀, ṣé ọmọ olówó kọ́ ni yóò gba ti yunifásítì, tí ọmọ tálákà yóò gbé òòlù? Jámánì, tí gbogbo ayé ń yìn, fi hàn pé ewu náà kì í ṣe àlá. Níbẹ̀, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1969, ọmọ iṣẹ́ ń lo ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ nílé-ìwé, ó ń lo ìyókù níbi iṣẹ́, wọ́n ń san owó fún un, ó sì ń ṣe ìdánwò tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Èyí yẹ kí a kọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń pín sí oríṣiríṣi ilé-ìwé, ibi tí òbí wà láwùjọ sì ń kópa nínú ibi tí ọmọ ń bọ́ sí. Èyí kò yẹ kí a kọ́.

Bákan náà, kò yẹ kí a ṣe bí ẹni pé kò sí àbùkù nínú iṣẹ́ kíkọ́ tiwa. Ọmọ iṣẹ́ tó lo ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbi omi pípọn àti aṣọ ọ̀gá fífọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Àbá

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ mú òpin tí wọ́n fi sí ìgbéga àwọn oní-HND kúrò, kí wọ́n sì fi ohun tí ènìyàn lè ṣe gbà á síṣẹ́. Èyí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Òun ni òbí ń wò.

Èkejì, kí a má pín ọmọ kankan kí ó tó parí JSS 3. Títí di ìgbà náà, kí gbogbo wọn kọ́ ìwé kíkà àti ìṣirò dójú àmì. Èdè tí a fi ń kọ́ wọn náà ṣe pàtàkì: iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko mọ̀wé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò sì gbẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ilé-ìwé kọ́ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí: àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn. Kí a sanwó fún àwọn ọ̀gá náà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ìlànà ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ti orílẹ̀-èdè, NSQ, tí àjọ NBTE ń bójú tó ti fàyè gba kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá gba ìwé-ẹ̀rí. Kí ó di ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń gbà lọ́jọ́ òmìnira rẹ̀, kí pólì àti yunifásítì sì tẹ́wọ́ gbà á, kí ẹni tó bá fẹ́ padà sídìí ìwé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún lè rí ọ̀nà wọlé.

Ìkádìí

Yunifásítì kì í ṣe ọ̀tá. Ọmọ tó bá yẹ níbẹ̀, kí ó lọ, kí a sì ràn án lọ́wọ́. Ohun tí a ń jà fún ni pé kí ẹni tó gba ọ̀nà mìíràn má di ẹni ẹ̀yìn. Modern School kú nítorí pé ọmọ ẹlòmíràn ni àwọn alágbára ìlú rò pé ó wà fún. Ìdánwò tí a ó fi mọ̀ bí ètò tuntun èyíkéyìí bá jẹ́ òótọ́ kò le rárá: kí kọmíṣọ́nnà tó fọwọ́ sí i lè fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ síbẹ̀ láìtijú. Títí dìgbà tí ìyẹn yóò fi rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dá ìyá tó ń ta gààrí lẹ́bi.